Ìtàn Ìgbésí Ayé Alexander Winton, Ẹni tí ó Fi Ọkọ̀ Ru Ọkọ̀

Bí ará Ìbarà bá jáde sí ọ̀nà Èkó lónìí, kò ní ṣàìrí ọkọ̀ ńlá tí ó pọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sẹ́yìn bí ìgbà tí abiyamọ pọn ọmọ. Ojú wa ti mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Alexander Winton ni a kà sí ẹni náà. A rí i pé ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà fún ẹni tí ń múra láti di olùkọ́, nítorí ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan dùn, èkejì korò.

A bí Winton ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1860 ní ìlú Grangemouth, ní ilẹ̀ Scotland. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó mọ̀. Ní 1891 ó dá ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1897, ó dá ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀. Nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣiyèméjì, ó wa ọ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti Cleveland dé New York ní ọdún náà gan-an, ìrìn tí ó lé ní 700 máìlì lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti oníkòtò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1898 ni ó ta ọkọ̀ àkọ́kọ́, fún Robert Allison, ará Port Carbon ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ta 22.

Nígbà náà ni ìṣòro mìíràn dìde. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ kò gbé ní tòsí. Bí a bá wa ọkọ̀ tuntun lọ fún wọn, táyà rẹ̀ yóò ti jẹ, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti gbó, ẹrẹ̀ yóò sì ti bo ara rẹ̀. Olówó yóò san owó tuntun, yóò sì gba àlòkù.

Ohun tí Winton ṣe nìyí. Ó kan pẹpẹ gbọọrọ kan tí ó ní ẹsẹ̀ méjì lẹ́yìn. Iwájú pẹpẹ náà sì jókòó lórí ìdí ọkọ̀ mìíràn tí a ti tún ṣe kí ó lè máa fà á. Wọ́n á ti ọkọ̀ tuntun gòkè, wọ́n á dè é pinpin, ó di ọ̀dọ̀ olówó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè rù lẹ́ẹ̀kan. Ní 1898 ó ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Ní 1899 ó ń tà á fún àwọn mìíràn tí ń ṣe ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní àkókò yìí kan náà, orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀nà rélùwéè tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 kọjá lọ́dọ̀ wa, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Aláàárù tí ó ru ìkòkò epo láti ọ̀nà jíjìn, tí ó wá kọsẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà olówó rẹ̀, mọ ohun tí Winton mọ̀: ẹrù tí kò dé ní pípé kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó korò nìyí. Ní 1898, James Ward Packard ra ọkọ̀ Winton, ó sì ń wà á lọ sí ilé rẹ̀ ní ìlú Warren. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, ẹṣin ni ó fà á délé. Packard padà tọ Winton lọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, láti sọ ohun tí ó yẹ ní títúnṣe. Winton bínú, ó sì pè é níjà pé kí ó lọ ṣe tirẹ̀ bí ó bá gbọ́n jù. Packard lọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1899, ó wa ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe jáde, àwọn tí ó ti bá Winton ṣiṣẹ́ rí sì wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901 ẹ̀wẹ̀, Henry Ford, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn, fi ọkọ̀ sáré borí Winton ní Grosse Pointe, lẹ́bàá Detroit.

Ògo Winton kò tíì wọmi síbẹ̀. Ní 1903, Horatio Nelson Jackson wa ọkọ̀ Winton láti San Francisco dé New York ní ọjọ́ 63, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já. Síbẹ̀, ní 1924 Winton ṣíwọ́ ọkọ̀ ṣíṣe, nígbà tí ọkọ̀ Packard àti ti Ford gbilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó kù bọ́ sọ́wọ́ General Motors ní 1930. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1932, ọjọ́ kejì tí ó pé ẹni ọdún 72.

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí mọ bí a ti í gbé ọjà dé ọwọ́ olówó láìní àbùkù, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olówó. Iṣẹ́ tí ń dúró dè wá fẹ́ méjèèjì. Kò tó kí ẹ̀kọ́ wà lórí wa. Ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní pípé. Nígbà tí ọmọ náà bá sì wí pé kò yé òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbínú lé e padà, nítorí ó lè jẹ́ pé òun ni ó rí ibi tí ọkọ̀ wa ti bàjẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́.