Àjàyí àti Asano: Tọkọtaya tí Ogun Kó Lẹ́rú

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin nínú Olúwa, àwa ará Ìgbòho mọ ohun tí ogun ń ṣe. Ogun Tápà ló lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé láyé àtijọ́, tí àwọn Aláàfin fi wá tẹ̀dó sí ìlú wa. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a rántí tọkọtaya kan tí ogun fọ́n ká láti kékeré, tí Ọlọ́run sì sọ di ìdílé ńlá: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti Susan aya rẹ̀.

Ọmọ agbègbè wa ni Àjàyí. Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Lọ́dún 1821, ogun kó Òṣoògùn. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì yà wọ́n nípá. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì ń tà á kiri títí ó fi dé Èkó. Lọ́dún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á nínú ọkọ̀ ẹrú, ó gbé e lọ sí Sàró.

Asano náà, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gbà á. Ní Sàró ló ti kàwé, ó di olùkọ́, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n pè é ní Susan. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1829. Nígbà náà, Àjàyí kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Iṣẹ́ Olúwa kì í jẹ́ kí bàbá jókòó sílé. Ó rìnrìn àjò odò Ọya lọ́dún 1841, 1854 àti 1857, ó sì tún lọ sí ìlú Òyìnbó. Susan ló ń dúró ti ilé àti àwọn ọmọ. Lọ́dún 1845, tọkọtaya náà dé Àgbádárìgì, lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti tún rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, lóṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún 25! Ẹ wo ìyàwó tó ti lo ọdún 17 nílé ọkọ kó tó fojú kan ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́dún 1848, ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ìyá, ó sọ ọ́ ní Hannah.

Ogun kò tíì tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Àwọn ọmọ wọn kò já wọn kulẹ̀. Dandeson di àlùfáà bíi bàbá rẹ̀. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859. Herbert Macaulay, ọmọ wọn, ni a bí lọ́dún 1864, ọdún kan náà tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ọdún 51 tí wọ́n ti jọ wà, Susan sùn nínú Olúwa lọ́dún 1880. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891.

Ẹ̀yin ìyá, Áńgílíkà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kan àwa Mẹ́tọ́díìsì. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ Asano. Ìgbàkigbà tí a bá dárúkọ bàbá, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ ìyá. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tú ilé wa ká. Àmín.