Dick Tiger àti Ìjà Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìdí.

Ní yàrá wa, tí wọ́n bá ti paná lálẹ́, ọ̀rọ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló kù. A ó mú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ayé àtijọ́ kan, a ó fi í kọjú ti ìsinsìnyí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì mi, ọmọ Ìgbò ni, ó ní Dick Tiger á na Anthony Joshua. Àwa ọmọ Yorùbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pariwo jù, torí Ṣàgámù ni ìdílé Joshua ti wá. A fi ẹran ọjọ́ Àìkú ta tẹ́tẹ́. Ni mo bá lọ sí láíbìrì láti wá ẹ̀rí.

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n bí i ní Amaigbo ní 1929. Aba ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́, kó tó lọ sí Liverpool ní 1955. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti borí rẹ̀. Èmi ì bá ti padà sílé ní tèmi. Kò padà. Ní 1962, ó na Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì gba bẹ́líìtì middleweight àgbáyé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ní August 10, 1963, Fullmer wá bá a jà ní Liberty Stadium, n'Ìbàdàn wa níbẹ̀. Lẹ́yìn ráùndì keje, Fullmer ò lè jáde mọ́. Bàbá àgbà mi wà lóde stadium lọ́jọ́ náà, ọmọdé ni wọ́n, wọn ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ariwo nìkan làwọn gbọ́, síbẹ̀ àwọn jó délé. Wọn ò bèèrè bóyá Ìgbò ni.

Ní 1966 ó tún gba bẹ́líìtì light heavyweight lọ́wọ́ Jose Torres. Ogun wá dé. Ó wọ iṣẹ́ ológun Biafra, nígbà tó sì di 1969, ó dá àmì-ẹ̀yẹ MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, torí wọ́n ń ran ìjọba Nàìjíríà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní New York. Ọ̀gá àgbáyé, tó ń ṣọ́ àwòrán! Mo pa ìwé yẹn dé díẹ̀ kí n tó máa kà á lọ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ló pa á ní Aba, ní December 14, 1971. Ọmọ ọdún 42 ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹran. Joshua ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ; Tiger ò ju bíi 72 lọ nígbà tó jẹ́ middleweight. Bob Foster tó ga jù ú lọ dáadáa gbé e ṣubú ní ráùndì kẹrin ní 1968, òun nìkan ló sì rí i ṣe tí Tiger ò fi lè dìde kí rẹfirí tó kà á tán. Joshua á nà án, kò sí àní-àní. Mo jẹ ẹran náà, àmọ́ kò dùn tó bí mo ṣe rò, torí ìjà yẹn ò dọ́gba rárá.

Marvin Hagler ló yẹ ká fi kọjú rẹ̀, middleweight bíi tiẹ̀, tó di bẹ́líìtì mú láti 1980 sí 1987. Ṣé ẹ mọ̀ pé Hagler ni ọ̀rẹ́ mi mú? Èmi mú Tiger, ráùndì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lórí máàkì. A ò tíì parí ẹ̀. Àwọn ọmọ yàrá wa ti ń pè mí ní Ihetu báyìí, mo sì ń dá wọn lóhùn.