Ernst Stahl (1848–1919) àti Ìwádìí Rẹ̀ lórí Ohun tí Ewéko Fi ń Gba Ara Wọn lọ́wọ́ Ìgbín

Ewéko kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sá, kò sì ní ohùn tí ó lè fi ké gbàjarè. Ibi tí ó bá hù sí ni àwọn ajewéko yóò ti bá a. Síbẹ̀, bí ewúrẹ́, kòkòrò àti ìgbín ti pọ̀ tó láyé, igbó ṣì ń dí, pápá ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni Ernst Stahl wádìí ní ìlú Jena, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1888 ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó padà sí ọ̀nà tí ó là sílẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 1848 ni a bí Stahl ní Schiltigheim, nítòsí Strasbourg, ní agbègbè Alsace. Abẹ́ Faransé ni Alsace wà nígbà tí a bí i. Lẹ́yìn ogun tí ó wáyé láàárín Faransé àti Jámánì ní ọdún 1870 sí 1871, Jámánì gba agbègbè náà. Nígbà tí Stahl yóò sì fi kú, Alsace ti tún padà sọ́wọ́ Faransé. Jámánì ni òun ní tirẹ̀ fi ṣe ibùgbé, tí ó sì ṣiṣẹ́ sí.

Ó rí olùkọ́ gidi. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Anton de Bary, ẹni tí a kà sí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Würzburg lọ́dọ̀ Julius Sachs, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìmọ̀ nípa bí ewéko ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1877, ó gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó sọ ọ́ di ẹni à ń wò. Ohun pẹlẹbẹ kan wà tí ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi àti àpáta, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lichen. Awuyewuye pọ̀ nígbà náà lórí bóyá ohun abẹ̀mí kan ṣoṣo ni tàbí méjì tí ó so pọ̀. Stahl mú irúgbìn ìbátan olú, ó pa á pọ̀ mọ́ ewéko tín-tìn-tín aláwọ̀ ewé, ó sì tọ́ ọ títí lichen odidi fi ti ibẹ̀ jáde. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn: kì í fi àríyànjiyàn yanjú ohun tí ó bá ṣeé dán wò.

Ní ọdún 1881, Yunifásítì Jena pè é láti wá di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ewéko àti alábòójútó ọgbà ewéko wọn. Ibẹ̀ ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí ìlú tí ó tún lè bá irú iṣẹ́ rẹ̀ mu jù ú lọ. Jena ni Ernst Haeckel ti ń kọ́ni nípa ẹranko, tí ó sì ń pariwo ẹ̀kọ́ Charles Darwin kiri: pé ohun abẹ̀mí tí àbùdá rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ni yóò yè, tí yóò sì bí irú ara rẹ̀.

Nígbà náà, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà nínú ewéko tí kò jọ pé ewéko ń lò wọ́n láti fi dàgbà: oró, ìkorò, òróró olóòórùn, àti tánínì tí ń mú ahọ́n sún kì bí ẹni fi eyín kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé pàǹtírí ni èròjà wọ̀nyí. Pé nítorí ewéko kò ní ibi tí yóò da ìdọ̀tí rẹ̀ sí, ó kó o pamọ́ sára. Àwọn díẹ̀ kò gbà. Anton Kerner ní Ọ́síríà ti kọ̀wé ní ọdún 1876 lórí bí òdòdó ṣe ń lé àlejò tí a kò pè. Léo Errera ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sì rojọ́ ní ọdún 1886 pé àwọn onímọ̀ ti pa ìwádìí nípa ohun ìjà ewéko tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìkorò jẹ́ ohun ìjà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀tá wà, pé ìkorò náà ni ó sì lé e sẹ́yìn.

Ìgbín ni Stahl yàn. Ìyàn náà mọ́gbọ́n dání. Ìgbín pọ̀ nínú ọgbà, ó rọrùn láti sìn, kì í sì í yára rìn débi tí ènìyàn kò fi ní rí ohun tí ó ń jẹ. Ó lo oríṣiríṣi: àwọn tí ó ní ìkarahun àti àwọn tí kò ní. Ó kíyè sí i pé àwọn ìgbín kan wà tí wọ́n yan oúnjẹ kan láàyò, bí àwọn tí ń jẹ olú, àti pé àwọn mìíràn jẹ́ wọ̀bìà tí ń jẹ onírúurú ewé. Àwọn wọ̀bìà wọ̀nyí ni ó fi ṣe adájọ́.

Ó fún wọn ní ewé tútù. Ọ̀pọ̀ ewé tútù ni wọ́n fẹnu kàn lásán tàbí tí wọn kò tilẹ̀ fẹnu kàn, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó mú irú ewé kan náà, ó rẹ ẹ́ sínú ògidì ọtí líle kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣàn jáde, ó gbẹ ọtí náà kúrò, ó sì tún gbé ewé náà fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń fọ ewúro kí ó tó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ kò ní pẹ́ lóye ọgbọ́n yìí. Ewé kan náà ni. Ohun tí ó kúrò nínú rẹ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Òótọ́ ni pé ọtí máa ń mú ju èròjà kan ṣoṣo jáde, ó sì máa ń pa ewé, nítorí náà ìdánwò yìí nìkan kò lè sọ èròjà wo gan-an ni ìgbín ń sá fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ewéko onírúurú ìdílé ni ó dán wò, tí àbájáde sì ń tọ́ka sí ibì kan náà, ẹ̀rí náà kì í ṣe kékeré.

Kì í ṣe kẹ́míkà nìkan ni ó kà sí ohun ìjà. Irun líle ara ewé wà níbẹ̀, àti àwọn abẹ́rẹ́ tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ó rí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí nínú ewéko kan tí ń jẹ́ Arum, tí ó jẹ́ ìbátan kókò. Ẹni tí ó bá ti jẹ kókò tí kò jinná mọ bí ó ti ń yún ni lọ́nà ọ̀fun. Stahl gbà pé abẹ́rẹ́ náà ni ó ń gún ẹnu ìgbín. Àwọn mìíràn ta kò ó lẹ́yìn náà, wọ́n ní abẹ́rẹ́ lásán kò lè ṣe é bí kò bá sí oró. Ìwádìí tí a ṣe lórí kòkòrò ní ọ̀rúndún yìí fi hàn pé àwọn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́: abẹ́rẹ́ a dá ihò, kẹ́míkà a gba ibẹ̀ wọlé. Apá kan òtítọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn.

Stahl tún wo ibi tí èròjà wọ̀nyí ń gbé. Lára awọ ewé àti nínú irun orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wà, níbi tí ẹnu ajẹwé yóò ti kọ́kọ́ bà. Wọ́n sì máa ń tètè hàn nígbà tí ewéko ṣì kéré. Pàǹtírí kò ní ìdí tí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí wà bí ó bá jẹ́ ohun ìjà. Láti ibí ni ó ti dé orí èrò rẹ̀ tí ó lágbára jù: pé bí ẹranko ti nípa lórí ìrísí ewéko, bẹ́ẹ̀ náà ni ó nípa lórí kẹ́míkà inú rẹ̀, láti ìran dé ìran. Kò sì sọ àsọdùn. Ó fi yé àwọn ènìyàn pé kò sí ààbò tí ó pé. Ohun tí ó lé ẹranko kan sẹ́yìn lè jẹ́ ààyò ẹlòmíràn.

Kí ló dé tí irú èyí fi di ohun ìgbàgbé? Àwọn onímọ̀ ewéko ìgbà náà bẹ̀rù ìbéèrè tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nítorí kí ni". Lójú wọn, ẹni tí ó bá bi ewéko léèrè ìdí ti ń bá ewéko sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ní èrò. Bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù yìí ní ìdí, nítorí àwọn kan ń fi àlá lásán ṣàlàyé ewé àti òdòdó. Àmọ́ wọ́n da ọkà nù mọ́ èèpo. Ẹni tí ó ṣe ìdánwò àti ẹni tí ó lá àlá, wọ́n kó àwọn méjèèjì sínú àpò kan.

Stahl kò dúró síbẹ̀. Láàárín ọdún 1889 sí 1890, ó lọ sí erékùṣù Java, tí ó wà lábẹ́ àwọn Dọ́ọ̀ṣì nígbà náà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọgbà ewéko Buitenzorg, tí ń jẹ́ Bogor lónìí. Ó rí i níbẹ̀ pé ewé ọ̀pọ̀ igi inú igbó òjò ní ṣóńṣó gígùn, tí omi ń gbà kán sílẹ̀; ọdún 1893 ni ó tẹ èyí jáde. Ní ọdún 1894, ó lo bébà tí a fi kẹ́míkà cobalt pa, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń kúrò ní búlúù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀rinrin bá kàn án, láti fi mọ ibi tí omi ti ń bọ́ lára ewé. Títí di òní ni bébà yìí wúlò nínú kíláàsì. Ní ọdún 1900, ó tún kọ̀wé lórí ìdí tí gbòǹgbò igi fi ń bá àwọn ìbátan olú gbé pọ̀ nínú ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún 1919 ni ó kú ní Jena, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ní ọdún 1959, Gottfried Fraenkel, onímọ̀ kòkòrò tí ó wà ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Science, ó ní kì í ṣe pàǹtírí ni àwọn èròjà wọ̀nyí, pé nítorí ajewéko ni wọ́n ṣe wà. Ní ọdún 1964, Paul Ehrlich àti Peter Raven fi labalábá àti oúnjẹ wọn ṣàlàyé bí ewéko àti ajẹwé ti ń mú ara wọn yí padà. Ẹ̀ka ìmọ̀ tuntun ti ibẹ̀ gbèrú. Ọdún 2008 ni Thomas Hartmann, ọmọ Jámánì tí òun náà ń ṣèwádìí nípa kẹ́míkà inú ewéko, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi dá Stahl, Kerner àti Errera padà sí ipò wọn nínú ìtàn ìmọ̀ náà.