Bach: Bàbá Tí Ó Fi Ìdílé Rẹ̀ Ṣe Ẹgbẹ́ Akọrin

Ní ọdún 1685 ni a bí Johann Sebastian Bach ní ìlú Eisenach, ní ilẹ̀ Jámánì, sínú ìdílé tí orin jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá. Àṣà wọn ni pé bí ẹbí bá péjọ, orin ìyìn Ọlọ́run ni wọn ó kọ́kọ́ kọ kí ẹ̀fẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó gbà á tọ́.

Ọmọ 20 ni Bach bí. 10 péré ni ó dàgbà nínú wọn. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí orin dákẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ní 1730, nígbà tí nǹkan kò rọgbọ fún un lẹ́nu iṣẹ́ ní Leipzig, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé bí òun bá kó ìyàwó àti àwọn ọmọ òun jọ, ẹgbẹ́ akọrin ti pé, pẹ̀lú ohun èlò orin. Ó sun oorun ikú ní 1750. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ̀yin ará, bí àwọn ọmọ wa bá dìde kọrin níbi àpéjọ ẹbí, ọ̀pọ̀ wa a máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́, kí a gbọ́ wọn dópin.