Abraham de Moivre, Olùkọ́ Tí Kò Ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwa tí a ṣe ìṣirò gíga ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí há òfin de Moivre sórí, a sì fi í yege ìdánwò, láì bèèrè irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. Ó tọ́ kí a san gbèsè náà nínú ìwé ìrántí ọdún yìí.

A bí Abraham de Moivre ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1667 ní ìlú Vitry-le-François ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́-abẹ ni baba rẹ̀, Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni ìdílé wọn, ní ilẹ̀ tí ọba rẹ̀ kò fẹ́ irú wọn. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Sedan, ṣùgbọ́n ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Àwa tí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tiwa ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ó lọ sí Saumur, ó sì lọ sí Paris. Ní ọdún 1685 Ọba Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin tí ó dáàbò bo ìgbàgbọ́ wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì sá àsálà. Kí ọdún 1688 tó parí, de Moivre ti di àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

Kò rí ipò olùkọ́ ní yunifásítì kankan. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń ti ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ròyìn pé ó fa ojú-ewé ìwé Principia ti Isaac Newton ya, ó ń kó wọn sápò díẹ̀díẹ̀, kí ó lè máa kà wọ́n lójú ọ̀nà. Newton fúnra rẹ̀ wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀, Royal Society sì gbà á wọlé ní 1697. Iyì dé, owó kò dé. Ó máa ń jókòó ní ilé kọfí Slaughter, níbi tí àwọn atatẹ́tẹ́ ti ń sanwó fún un kí ó bá wọn ṣírò. A kì í súre fún tẹ́tẹ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ohun iyebíye ti jáde.

Ìbéèrè náà nìyí: bí a bá da dáìsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà mélòó ni àròpọ̀ wọn fi lè jẹ́ iye kan? Ẹ mú dáìsì lúdò méjì. Kí a tó rí 7, 1 lè bá 6 pàdé, tàbí 2 bá 5, tàbí 3 bá 4, tàbí kí wọ́n yí padà. Ọ̀nà 6 ni. Bí iye ti dáìsì kan ti ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀kalẹ̀. De Moivre tẹ ìdáhùn jáde ní 1712. Ní 1730 ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ó fi agbára lẹ́tà kan dúró fún ojú dáìsì kọ̀ọ̀kan: r, r², títí dé r⁶. Bí a bá fi ìlà kan sọ ìkejì di púpọ̀, iye tí ó bá dúró níwájú r⁷ ni iye ọ̀nà tí a fi lè rí 7.

Ìṣirò yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń pè ní convolution. Ẹ rántí bí gbọ̀ngàn wa ti máa ń dá ohùn padà. Ká ní àtẹ́wọ́ kan ń fi ìró 4, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1 sílẹ̀. Bí a bá pa àtẹ́wọ́ kan, tí a sì pa òmíràn tí ó le ní ìlọ́po méjì tẹ̀ lé e, èkejì yóò fi 8, 4 àti 2 sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ ní ìṣísẹ̀ kan. Etí kò gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àròpọ̀ wọn ni ó ń gbọ́: 4, 10, 5, 2. Ẹni tí ó bá fi 1 + 2r sọ 4 + 2r + r² di púpọ̀ yóò rí iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gẹ́lẹ́. Báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìró gbọ̀ngàn kún orin tí a gbà sílẹ̀ nínú yàrá kékeré. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ń pè ní z-transform, ọmọ ìyá ìlà lẹ́tà de Moivre ni.

Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà ogbó. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1754, ní ẹni ọdún 87. Ẹ̀dà kẹta ìwé ńlá rẹ̀, The Doctrine of Chances, jáde lẹ́yìn ọdún méjì.