Sir Ludwig Guttmann, Oníṣègùn Àwọn Tí Ẹ̀yìn Wọn Ṣẹ́

Ó ṣọ̀wọ́n nínú wa kí a rí ẹni tí kò mọ ènìyàn kan tí ó já lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí a gbé e wálé, tí ara rẹ̀ sì ti kú láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀. A mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń rí. A ó tẹ́ ẹní fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ará ilé a máa sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé òkú ti wà nílé. Kò sì ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ ẹkún. Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó béèrè ohun náà gan-an tí ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀yìn tí ó ṣẹ́ náà ni.

A bí Ludwig Guttmann li ọjọ́ 3 oṣù Keje, ọdún 1899, ní ìlú Tost, tí ó wà ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Póláńdì lónìí. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Li ọdún 1917, nígbà tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Königshütte, ìlú àwọn awa-èédú, a gbé ọ̀kan nínú àwọn awa-èédú náà wá, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, alágbára sì ni. A sọ fún Guttmann pé kí ó má wulẹ̀ ṣe wàhálà àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí kò ní pẹ́ kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọkùnrin náà ti di olóògbé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò li ọkàn Guttmann títí ọjọ́ ikú tirẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó gba oyè dókítà li ọdún 1924, ó sì di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan ara ní ìlú Breslau. Nígbà tí Hitler gba ìjọba li ọdún 1933, a lé àwọn dókítà Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Guttmann sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn Júù. Li òru ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ọdún 1938, tí a ń sun sínágọ́gù, tí a sì ń kó àwọn Júù lọ sí àgọ́ ìyà, ó pàṣẹ pé kí a gba ẹnikẹ́ni tí ó bá sá wá sí ilé ìwòsàn náà. Ènìyàn 64 ni ó wọlé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Hitler dé li ọjọ́ kejì, ó bá wọn rìn láti ibùsùn dé ibùsùn, ó ń dárúkọ àìsàn fún olúkúlùkù, ó sì gba ènìyàn 60 là. Li oṣù Kẹta, ọdún 1939, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun Àgbáyé Kejì sì ń sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun di arọ. Li ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé ìtọ́jú kan fún wọn ní Stoke Mandeville, lẹ́bàá ìlú Aylesbury, a sì fi Guttmann ṣe olórí rẹ̀. Lójú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní ìrètí ni ó gbà.

Kí ni Guttmann rí? Ó rí i pé apani méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni egbò. Àwa tí ara wa dá, a máa yí ara wa padà lójú oorun láìmọ̀; ẹni tí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ já kò lè yí, ara rẹ̀ kò sì lè sọ fún un pé ibùsùn ń ni òun lára. Níbi tí eegun bá ti tẹ awọ mọ́ ẹní, ẹ̀jẹ̀ kò lè ráyè kọjá; ẹran ara ibẹ̀ a kú, a sì jẹrà wọ inú lọ. Èkejì ni ìtọ̀. Àpò ìtọ̀ a kún láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Àrùn a wọ inú ìtọ̀ tí ó dúró, a gòkè lọ sí kíndìnrín, a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé, yóò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Guttmann kọ̀ kí a máa fi ẹfun líle di aláìsàn mọ́ ibùsùn. Ó pàṣẹ kí a máa yí olúkúlùkù padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Kí a sì máa fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ wọn pẹ̀lú ìmọ́tótó tí kò ní àbùkù. Òun fúnra rẹ̀ a máa yọ sí àwọn nọ́ọ̀sì li òru láti wò ó bóyá a ti yí wọn. Òtítọ́ ni pé oògùn pẹnisílínì, tí ó jẹ́ tuntun nígbà náà, ṣe ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ni olórí oògùn rẹ̀. Ohun tí ó ń rí li ara àwọn aláìsàn, ó ń ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí ó fi tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ li ọdún 1973. Àwọn tí à bá ti sin bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó dìde.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí a gbà lọ́wọ́ ikú yóò máa fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe? Níhìn-ín ni ọgbọ́n Guttmann gbé pọ̀ jù. Kò fẹ́ kí arọ máa jẹun kí ó sì máa wo òrùlé. Ó fi iṣẹ́ káfíńtà, àtúnṣe aago àti títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ sí ọwọ́ wọn, nítorí ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n padà di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ jẹun, tí ń san owó orí bí ará ìlú yòókù. Ó sì fi eré ìdárayá kún un, kí apá àti àyà wọn lè le, kí ọkàn wọn sì lè jí. Ọfà títa ni ó fẹ́ràn, nítorí arọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì figagbága nínú rẹ̀. Àwọn aláìsàn náà ń pè é ní Bàbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le mọ́ wọn bí ọ̀gá ológun.

Li ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1948, ọjọ́ náà gan-an tí a ṣí Eré Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, arọ 16, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, ta ọfà lórí pápá ilé ìwòsàn náà. Li ọdún 1952, àwọn ará Hóláńdì wá bá wọn díje. Li ọdún 1960, eré náà dé Róòmù, bí 400 eléré sì wá láti orílẹ̀-èdè 23. Òun ni à ń pè ní Paralympics lónìí.

A kò ní sọ pé Guttmann kò ní àṣìṣe. Alágídí ni, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí afọ́jú àti ẹni tí a gé li ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rí àyè nínú eré náà, li ọdún 1976. Ọbabìnrin Elizabeth fi í jẹ oyè Sir li ọdún 1966. Ó kú li ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1980, ní ẹni 80 ọdún.

Èso iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Paralympics li ọdún 1992, ní Barcelona. Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ sì gbé irin wúwo títí ó fi gba wúrà ní Tokyo li ọdún 2021 àti ní Paris li ọdún 2024.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí irú ìjàǹbá yìí bá dé ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, kí a má ṣe tètè ra aṣọ òkú. Kí a gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì padà wálé, kí a máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kí a máa wo awọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a má jẹ́ kí ìtọ̀ rẹ̀ há; lẹ́yìn náà, kí a wá iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe fún un, kí a sì gbé e jáde sí ojúde níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.