WOLFGANG PAULI ÀTI ÒKÒTÓ INÚ ÁTỌ́Ọ̀MÙ

Ìtàn onímọ̀ fisíìsì kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ìlú Vienna, ní Austria, ni wọ́n ti bí Wolfgang Pauli ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1900. Ọmọ ọdún 21 péré ni nígbà tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Munich. Ní 1924, ó ń wá ìdí tí àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára átọ́ọ̀mù fi máa ń là sí wẹ́wẹ́ bí a bá fi ẹ̀rọ tó ríran dáadáa wò wọ́n. Ó ní kóró àárín átọ́ọ̀mù ń pòòyì bí òkòtó, òòfà kékeré sì wà lára rẹ̀ tó ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri. (Òkòtó gidi kọ́ o, àfiwé ni.) Òótọ́ ló sọ.

Ibi tó dùn wá nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1925, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún kan, Ralph Kronig, bá a ní Tübingen, ó ní òun rò pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pàápàá ń pòòyì. Pauli tó ti gbà fún kóró kọ̀ fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: ó ní ọgbọ́n wà nínú èrò náà, ṣùgbọ́n ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Kronig ká èrò rẹ̀ kò, kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ọdún tó parí, Uhlenbeck àti Goudsmit ní Netherlands tẹ ohun kan náà jáde, àwọn lokìkí sì kàn. Lójú tiwa, Pauli jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò náà kò tíì gún nígbà yẹn. Ìgbà tí Thomas tún un ṣe ní 1926 ni Pauli tó gbà. Ní 1927, òun gan-an ló wá gbé ìṣirò tí a ṣì ń kọ́ ní kíláàsì kalẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 lórí iṣẹ́ mìíràn, ó sì kú ní Zürich ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1958.

Òkòtó méjèèjì yẹn ló wá ń bá ara wọn jà lónìí. Àwọn tó fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà irú tuntun máa ń há ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo mọ́ inú ihò kín-ín-kín-ín tí wọ́n ń pè ní quantum dot, kí ìpòòyì rẹ̀ lè máa rántí nǹkan fún wọn. Bó bá jẹ́ gallium arsenide ni wọ́n fi ṣe ihò náà, gbogbo kóró inú rẹ̀ ló ń pòòyì, wọ́n sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan ní ọjà Ìgbúdù, kí gbogbo ọjà máa pè é lẹ́ẹ̀kan náà! Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, láàárín bíi mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti ṣìnà. Ní 2005, Petta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard dọ́gbọ́n yí i padà lójú ọ̀nà, ìrántí rẹ̀ sì gùn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn mìíràn kó lọ sídìí silicon 28, nítorí kóró tirẹ̀ kì í pòòyì rárá.